Bí Ẹ Ṣe Lè Lọ Gbọ́ Jazz àti Orin Ẹ̀rọ ní Èkó láti Àgbádárìgì, Kí Ẹ sì Padà Délé

Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń kọ nípa ṣóò orin ní Èkó, àwọn tó ń gbé Lekki, Yábàá àti Ìkẹjà ni wọ́n kọ ọ́ fún. Wọ́n á sọ aago tí ilẹ̀kùn máa ṣí, wọ́n á sọ iye tíkẹ́ẹ̀tì, ó parí. Kò sẹ́ni tó ń sọ bí ará Àgbádárìgì ṣe máa padà sílé. Bẹ́ẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń pinnu bóyá ẹ máa gbádùn orin náà, tàbí ẹ máa jókòó síbẹ̀ kí ẹ máa yọjú wo aago. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìtọ́sọ́nà yìí láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ìpadàbọ̀ la ó kọ́kọ́ sọ, orin á tẹ̀lé e.

1. Ẹ mọ ibi tí ẹ máa sùn kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

Lójú ẹni tó ń padà sí Àgbádárìgì, oríṣi ṣóò mẹ́ta ló wà: èyí tó ń parí kí ilẹ̀ tó ṣú, èyí tó ń parí láàárín aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá alẹ́, àti èyí tó ń di àfẹ̀mọ́júmọ́. Ti àkọ́kọ́ kò ní wàhálà. Ti àárín yẹn ni kí ẹ ṣọ́ra fún, òun sì ni ọ̀pọ̀ ṣóò jazz. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ní aago méje, wọ́n á parí ní mẹ́wàá, ìgbà tí ẹ bá fi máa dé Mile 2, kò ní sí bọ́ọ̀sì gidi mọ́. Bí ẹ bá tiẹ̀ rí ọ̀kan, ọ̀nà tó gba Okokomaiko lọ sí Àgbárá, tó wá ti Àgbárá dé ọ̀dọ̀ wa, kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń fi òru rìn nítorí fàájì. Ihò wà lójú títì, òkùnkùn wà, àwọn agbófinró náà sì ń dá ọkọ̀ dúró léraléra nítorí pé ọ̀nà ẹnubodè ni.

Ohun tó lè yà yín lẹ́nu ni pé orin ẹ̀rọ, ìyẹn irú house, techno àti amapiano, èyí tí àwọn òbí kì í fẹ́ gbọ́ sétí nítorí pé ó ń mọ́jú, òun ló bá wa lára mu jù. Ẹ ó wọlé ní alẹ́, ẹ ó jáde nígbà tí ilẹ̀ ti mọ́, bọ́ọ̀sì òwúrọ̀ á ti máa pe èrò ní Mile 2. Kò sí pé à ń gbọ́ orin kí a máa ro ọ̀nà.

Fún ti jazz, ẹ wá ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tó ń gbé ní FESTAC, Satellite Town, Alákìjà tàbí Ọ̀jọ́. Ojú ọ̀nà ilé ni gbogbo wọn wà. Ẹ má pè é lọ́jọ́ ṣóò o. Ẹ pè é ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ní òde kan ní Oníkan ní Sátidé, mo fẹ́ wá sùn sílé yín.” Kí ẹ wá béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè: aago mélòó ni wọ́n ń ti géètì àdúgbò wọn? Àwọn òpópónà kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ti géètì, ọlọ́dẹ kò ní ṣí i fún ẹni tí kò mọ̀, ẹ ó sì máa fi fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti fẹ́ tán jí onílé. Ẹ mú àgbọn dání fún wọn. Ará Àgbádárìgì wo ló ń lọ kí èèyàn lọ́wọ́ òfo?

2. Ẹ mọ àsìkò, ẹ mọ ibi

Ṣóò jazz kì í pọ̀ bákan náà láti oṣù kìíní dé ìkejìlá. Ọjọ́ kan wà tí ẹ lè kọ sílẹ̀ báyìí, ìyẹn 30 oṣù kẹrin. Ọdún 2011 ni àjọ UNESCO sọ ọ́ di Ọjọ́ Jazz Àgbáyé, ọdún 2012 ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é. Nǹkan bí àkókò yẹn ni àwọn ẹgbẹ́ jazz Èkó máa ń jáde dáadáa. Ọjọ́ kejì ni 21 oṣù kẹfà, ọjọ́ orin tí àwọn ará Faransé bẹ̀rẹ̀ ní 1982. Ẹ máa wo ohun tí Alliance Française ní Mike Adenuga Centre, Osborne Road, Ìkòyí, bá gbé jáde láyìíká ọjọ́ náà. Wọ́n máa ń kó oríṣiríṣi orin pọ̀ níbẹ̀, ó sì máa ń fún àwọn ọ̀dọ́ tí orúkọ wọn kò tíì jáde láàyè.

Oṣù kẹwàá ni ọ̀rá ibẹ̀. Ìgbà yẹn ni MUSON Centre, ilé eré orin tó wà ní Oníkan, ń ṣe àjọ̀dún tirẹ̀, alẹ́ jazz sì máa ń wà nínú ètò náà. Ìgbà yẹn náà ni Felabration, tí Yẹni Kútì bẹ̀rẹ̀ ní 1998, ń wáyé ní New Afrika Shrine ní Àgídìngbí, láyìíká 15 oṣù kẹwàá tí wọ́n bí Fẹlá. Ní ti oṣù Kejìlá, orin ẹ̀rọ pọ̀ nígboro débi pé ẹ ò ní mọ èyí tí ẹ máa mú, ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan ló gbówó lórí: tíkẹ́ẹ̀tì, omi, ọkọ̀. Tí ẹ bá bi mí, màá ní kí ẹ jẹ́ kí àwọn tó ti ìlú òyìnbó dé ná owó wọn, kí ẹ dúró de oṣù kejì tàbí ìkẹta.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni Freedom Park, ní Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba amúnisìn ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti Herbert Macaulay mọ́bẹ̀, wọ́n ti Awólọ́wọ̀ mọ́bẹ̀. Ní 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún, wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìtura àti ibi eré, lórí àwòrán tí ayàwòrán-ilé Theo Lawson yà. Ìta gbangba ni pèpéle ńlá rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni olórin Adé Bantu àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ṣóò Afropolitan Vibes ní 2013, tí wọ́n ń ṣe é lóṣooṣù nígbà náà, tí àwọn èèyàn ń mu ẹmu lábẹ́ ọ̀run.

National Theatre ní Ìgànmú náà wà, tí orúkọ rẹ̀ ti di Wole Soyinka Centre for Culture and the Creative Arts láti 2024. Ìjọba tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 1 oṣù kẹwàá 2025. FESTAC '77 ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ, àjọ̀dún tí Sun Ra kó ẹgbẹ́ jazz rẹ̀ wá ṣe láti Amẹ́ríkà, tí Stevie Wonder àti Miriam Makeba náà sì wá. Fún àwa ará Àgbádárìgì, ibẹ̀ ló súnmọ́ wa jù nínú gbogbo ilé eré ńlá Èkó, rélùwéè sì ń dúró níbẹ̀.

3. Ẹ ka pátákó ìpolówó dáadáa

Bí wọ́n bá kọ “jazz” sára ìpolówó ní Èkó, ó lè jẹ́ ojúlówó jazz, ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan máa fi saxophone fun àwọn orin ìyìn tí gbogbo wa mọ̀ ni, tí kọ̀ǹpútà á máa lu ìyókù fún un. N kò ní kí ẹ má lọ síyẹn o, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ ń sanwó fún. Ẹ wò ó bóyá wọ́n dárúkọ onílù àti oní-bass. Níbi tí wọ́n bá ti dárúkọ wọn, àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ ẹgbẹ́ gidi. Ẹ wá orúkọ olórí ẹgbẹ́ náà lórí YouTube, ẹ fetí sí ìṣẹ́jú márùn-ún. Data tó máa gbà kò tó owó ọkọ̀ dé Àgbárá.

Ní ti orin ẹ̀rọ, ẹ wo ọ̀rọ̀ méjì. “DJ set” ni pé ẹni náà máa to orin tó ti wà nílẹ̀ pọ̀ mọ́ra. “Live set” ni pé ó máa fi ẹ̀rọ rẹ̀ ṣẹ̀dá ìró níwájú yín. Ìkejì ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, tí ẹ bá rí i, ẹ má jẹ́ kó bọ́. Kí ẹ sì tún wo ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà jù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í gun orí pèpéle kí aago kan òru tó lù, ohun yòówù tí wọ́n ì báà kọ sí iwájú “ilẹ̀kùn ṣí”.

4. Tíkẹ́ẹ̀tì

Ojú ìwé Instagram ilé eré náà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti mú líǹkì, ẹ má mú un lọ́wọ́ ẹni tó kàn fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sanwó sí àkáǹtì, tí orúkọ tó jáde bá jẹ́ ti ẹnì kan lásán, ẹ dá ọwọ́ dúró. Ẹ tètè rà á, torí tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá rà lẹ́nu ọ̀nà máa ń wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èyí tó kéré jù náà ni kí ẹ rà. Níbi jazz, ẹni tó sanwó tábìlì ọ̀tí ló ń pariwo jù, ẹ ò sì fẹ́ jókòó tì í. Tó bá jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ ṣì forúkọ sílẹ̀, ẹ má kàn lọ bẹ́ẹ̀.

Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá ti wọlé, ẹ ya àwòrán rẹ̀ sórí fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń dá wàhálà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbi tí èrò pọ̀ sí, àwòrán kò sì nílò data.

5. Ọjọ́ náà gan-an

Ẹ kúrò nílé ṣáájú ìgbà tí ẹ rò pé ó yẹ. Bí ṣóò bá máa bẹ̀rẹ̀ ní aago méje alẹ́, ẹ ti wà nínú bọ́ọ̀sì ní rándàbáùtù Àgbádárìgì kí ó tó di aago kan ọ̀sán. Ó dà bí àṣejù, àmọ́ ẹni tó bá ti há sí Àgbárá rí ní ìrọ̀lẹ́ Fráìdé kò ní bá mi jiyàn. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání nítorí àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò. Tí ẹ bá gbé ohun èlò orin, ẹ gbé e sí ibi tí ẹ ti lè tètè ṣí i, kí wọ́n má bàa tìtorí yín dá gbogbo ọkọ̀ dúró.

Mile 2 ni kí ẹ sọ̀kalẹ̀. Ibẹ̀ ni ìtura wà, nítorí rélùwéè Blue Line. Láti 4 oṣù kẹsàn-án 2023 ló ti ń gbé èrò, kìlómítà mẹ́tàlá, ibùdó márùn-ún: Mile 2, Sùúrù-Alábà, Òrílé, National Theatre, Marina. Kò gbà tó ìdajì wákàtí láti Mile 2 dé Marina, kò sì sí gòsìló lórí irin. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọlé. Ẹ rà á ní ibùdó, ẹ fi owó tó máa tó àlọ àti àbọ̀ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ má bàa to ìlà ní alẹ́. Káàdì yìí kan náà ni ẹ lè fi wọ BRT.

Kí ẹ tó wọ rélùwéè, ẹ bi òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu géètì pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, aago mélòó ni èyí tó kẹ́yìn máa kúrò ní Marina lónìí?” Ẹ béèrè lọ́jọ́ náà gan-an, torí ètò Sátidé àti Sọ́ńdè lè yàtọ̀. Aago tó bá sọ fún yín, ẹ yọ ìdajì wákàtí kúrò nínú rẹ̀, òun ni aago tí ẹ máa dìde nídìí orin. Wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ láti mú ojú irin náà dé Okokomaiko. Lọ́jọ́ tó bá débẹ̀, ẹ lè ya ìpín yìí dànù.

Tó bá jẹ́ Ìgànmú, ẹ sọ̀ ní National Theatre. Tó bá jẹ́ Freedom Park, ẹ sọ̀ ní Marina, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn gba Broad Street lọ. MUSON jìnnà díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ kò dùn lè rìn ín tí ilẹ̀ kò bá tíì ṣú. Ẹ má retí ọ̀kadà, ìjọba ti fòfin dè é ní Lagos Island. Ti New Afrika Shrine yàtọ̀ pátápátá, rélùwéè yìí kò dé ọ̀hún. Láti Mile 2, ẹ wọ ọkọ̀ Òṣòdì, kí ẹ tibẹ̀ gba Ìkẹjà. Tí kì í bá ṣe pé ẹ ní ibi tí ẹ máa sùn ní agbègbè ibẹ̀, ẹ fi ti òru ṣe.

Ẹ jẹun yó kí ẹ tó wọlé. Oúnjẹ inú ibẹ̀ wọ́n, ó sì máa ń pẹ́ kó tó jáde. Ẹ ṣáájì páwà báǹkì. Ní ti aṣọ, bùbá àti ṣòkòtò tó mọ́ tó fún MUSON. Ní Freedom Park, ẹ wọ aṣọ alápá gígùn nítorí ẹ̀fọn. Bí òjò bá ṣú, ẹ rántí pé ìta gbangba ni.

6. Bí a ṣe ń gbọ́ ọ

Jazz ní ètò, kì í ṣe pé oníkálukú kàn ń ṣe ohun tó wù ú. Ẹgbẹ́ náà á kọ́kọ́ lu orin bí wọ́n ṣe kọ ọ́, gbogbo wọn lápapọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kọ̀ọ̀kan á gba àyè tirẹ̀ lórí ìpìlẹ̀ kan náà: saxophone lè ṣáájú, kí dùùrù tẹ̀lé e, kí bass wá lẹ́yìn. Níkẹyìn, wọ́n á jùmọ̀ padà sí orin àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ti fetí sí dùndún dáadáa ti mọ èyí tẹ́lẹ̀: gúdúgúdú ń bá tirẹ̀ lọ láìyẹsẹ̀, ìyáàlù ń sọ tirẹ̀ lórí rẹ̀, ó lè rìn jìnnà, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ilé wà. Iṣẹ́ yín ni kí ẹ di orin àkọ́kọ́ yẹn mú sínú orí nígbà tí adánìkàn-fun bá ti lọ jìnnà. Ìgbà yẹn ni ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹnì kan bá parí tirẹ̀, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un lójú ẹsẹ̀, kódà bí orin bá ṣì ń lọ. Bó ṣe rí nìyẹn, kì í ṣe àfojúdi. Bí bass bá wá gba ọ̀rọ̀, tí ìyókù sì rọ̀ wá sílẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni àwọn èèyàn Èkó máa ń rò pé ìsinmi ti dé, tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹni tó ń gbé ọtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ fún un. Ohun mìíràn tó dùn ún wò ni ìgbà tí onílù àti afunpè bá ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn. Ẹ fi ẹsẹ̀ ka ọ̀kan-méjì-mẹ́ta-mẹ́rin lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Bí ẹ bá ti ka ìkẹrin tán, ẹ wo ojú onílù: ó ti gbé ọ̀pá sókè, àsìkò tirẹ̀ ló kàn. Ẹ tún kà á, á sì fi í sílẹ̀ fún èkejì rẹ̀. Ẹni tó bá ti kà á lẹ́ẹ̀kan kò ní sọ mọ́ láé pé jazz kò ní orí kò ní ìdí.

Orin kọ́ńsáàtì òde òní, èyí tí òǹkọ̀wé orin ti kọ sílẹ̀ látòkè délẹ̀, gba ìwà mìíràn. Irú èyí tí Ayọ̀ Bánkólé kọ, tàbí ti Akin Euba, tó ní kí a máa tẹ dùùrù bí ẹni ń lùlù, lè ní apá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọn kì í sì pàtẹ́wọ́ láàárín. Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá ó ti tán, ẹ wo ọwọ́ olùdarí. Tó bá ṣì wà lókè, kò tíì tán. Ẹ má rò pé òǹkọ̀wé irú orin yìí àti onijazz ń bára wọn jà. Fẹlá Ṣówándé, baba wọn, jazz ló ń tẹ̀ ní London kó tó kọ African Suite ní 1944.

Ní ti orin ẹ̀rọ, sùúrù ni. Orin náà ń yí díẹ̀díẹ̀: ìró kan á wọlé, òmíràn á yọ jáde, ẹ lè má tètè mọ̀ ọ́n. Amapiano ń rìn ní nǹkan bí ìlù 110 sí 115 ní ìṣẹ́jú kan, house á tó 120 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, techno á tún yára sí i. Ẹni tó bá ní “ìlù òyìnbó” ni, ẹ sọ fún un pé Tony Allen, ọmọ Èkó tó lu ìlù Afrobeat fún Fẹlá, bá Jeff Mills, ọ̀gá techno láti Detroit, ṣe àwo orin kan tó jáde ní 2018. Tony Allen kú ní 30 oṣù kẹrin 2020, lọ́jọ́ jazz gan-an.

Ẹ má dúró ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2022 ni pé kí ìpíndọ́gba ariwo ibi ìnàjú má ju dẹ́síbẹ̀lì (òṣùwọ̀n ariwo) 100 lọ, àmọ́ n kò tíì rí ẹni tó ń fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n ní ibi tí mò ń lọ. Àwọn ohun kéékèèké tí wọ́n fi ń dí etí nítorí ariwo (earplug) wà ní ilé ìtajà oògùn, wọn kò wọ́n. Òwú kò tó. Ẹ máa jáde síta gba afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ máa mu omi, ẹ má sì gbé ife sílẹ̀ lọ jó kí ẹ tún padà wá mu ún.

7. Bí owó ọkọ̀ kò bá sí lóṣù yìí

Orin ò jìnnà sí wa tó bí a ṣe ń rò. Ìlogbò, lójú ọ̀nà wa níbí, ni ilé ẹ̀kọ́ orin tí Peter King, àgbà afunsaxophone, dá sílẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni Aṣa ti kọ́ gìtá. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ orin ló ń wá ibi tí wọ́n á ti lù fún èèyàn, ẹ bi àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ orin ládùúgbò yín ibi tí wọ́n ń lù sí.

Kùtọnu náà wà. Láti Àgbádárìgì, ó súnmọ́ ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ, wọ́n sì fẹ́ràn orin afunpè gan-an lọ́hùn-ún. Gangbé Brass Band, tó ti wà láti 1994, ará ibẹ̀ ni. Ará ibẹ̀ ni Lionel Loueke, onígìtá tó ń bá Herbie Hancock, àgbà atẹdùùrù jazz ará Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́. Ó máa ń fi Fọ̀n kọrin, nítorí náà ẹ̀yin tó gbọ́ Ẹ̀gùn nílé máa mú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju àwọn tó ń san owó ńlá gbọ́ ọ ní Amẹ́ríkà lọ. Ìwé ìrìnnà àti yellow card (ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára) ni kí ẹ mú dání fún Sèmè, kí ẹ sì ṣẹ́ owó sí sefà lọ́sàn-án, torí àwọn tó ń pààrọ̀ owó lálẹ́ kì í pààrọ̀ rẹ̀ ní iye gidi. Ẹ rí i dájú pé ẹ ti padà kọjá ẹnubodè kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ sun Pọ́tónóbò, ọ̀pọ̀ wa ló ní ẹbí níbẹ̀.